Oúnjẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ láti ilé ìdáná àwọn eléré ìdárayá kan ní Sùúrùlérè

Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ gbáko, láti oṣù Ọ̀pẹ títí wọ oṣù Èrèlé, ni mo fi jẹ oúnjẹ ilé ìdáná kan ní Sùúrùlérè tó ń polówó ara rẹ̀ fún àwọn eléré ìdárayá. Eré marathon ìlú Èkó ni mo ń múra sílẹ̀ fún, ìyẹn eré tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016, tó máa ń gbéra ní pápá ìṣeré ńlá Sùúrùlérè, tí yóò gba orí afárá Third Mainland kọjá, kí ó tó parí sí Eko Atlantic, kìlómítà 42 àti díẹ̀. Abọ́ méjì lójúmọ́ ni mo sanwó fún, ti ọ̀sán àti ti alẹ́, ọjọ́ márùn-ún láàárín ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú ìgò sóbò mẹ́fà fún ọjọ́ Àbámẹ́ta tí mo máa ń sáré gígùn. Abọ́ kan jẹ́ ₦4,500, ìgò sóbò kan sì jẹ́ ₦1,500. N kò ní dárúkọ wọn níhìn-ín, torí pé obìnrin tó ni ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbìyànjú ni, ẹ̀sùn tí mo sì ní sí i kì í ṣe kékeré.

Oúnjẹ wọn dùn, ó mọ́, kì í sì í pẹ́ kó tó dé. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni abọ́ ọ̀sán mi wọ aago mẹ́ta, sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ Ojúẹlẹ́gba ló sì fà á, n kò lè dá wọn lẹ́bi fún ìyẹn.

Ohun tó wà nínú abọ́ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kejì, lẹ́yìn tí mo ti fi ìdájí sáré fún wákàtí kan àtààbọ̀, mo ṣí abọ́ ọ̀sán mi, mo bá ẹyin sísè mẹ́ta, itan adìẹ kan tó tóbi dáadáa, ẹ̀fọ́ tútù rẹpẹtẹ, àti iṣu gígé méjì tó fara pamọ́ sí ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tí wọn kò pè sí òde. Mo gbé iṣu náà sórí òṣùwọ̀n: gírámù 210. Iṣu sísè tó wọn gírámù 100 kò ní ju bíi gírámù 27 èròjà afáralókun (carbohydrate, èyí tí ara ń sọ di ṣúgà) lọ, nítorí náà gbogbo ohun tí mo rí nínú iṣu ọ̀hún kò pé 60. Èmi tí mo wọn kílò 68 nìyí o. Ẹni tó ń ṣe eré fún wákàtí kan sí mẹ́ta lójúmọ́ nílò gírámù 6 sí 10 afáralókun fún kílò kọ̀ọ̀kan ara rẹ̀, bí mo bá sì mú èyí tó kéré jù nínú rẹ̀, ó lé ní 400 lóòjọ́. Bí abọ́ méjì tí mo fi owó ńlá rà kò bá fún mi ju 120 lọ, ibo ni ìyókù yóò ti wá? Gààrí ló gbà mí sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn, gààrí Ìjẹ̀bú pẹ̀lú ṣúgà àti ẹ̀pà, tí mo ń mu lábẹ́lẹ̀ bí ẹni tó ń jalè.

Àwọn ẹyin àti adìẹ ọ̀hún kì í ṣe ohun burúkú. Ara tó ń ṣiṣẹ́ nílò amúaradàgbà láti fi tún iṣan ṣe, gírámù 1.2 sí 2 fún kílò kọ̀ọ̀kan lóòjọ́, bíi 20 sí 25 ló sì máa ń tó ẹni bíi tèmi lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn eré. Ẹyin mẹ́ta péré ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kájú ìyẹn kí n tó fọwọ́ kan itan adìẹ. Ṣúgà tí iṣan àti ẹ̀dọ̀ tọ́jú pamọ́ ni sárésáré ń ná lójú ọ̀nà. Ní nǹkan bíi kìlómítà 30 ni ti ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń tán, tí ẹsẹ̀ yóò wá wúwo bí òjé, adìẹ kò sì lè dí àyè yẹn. Ó hàn sí mi pé àwọn tó ń gbé irin ní jíìmù ni ilé ìdáná yìí ń dáná fún, àwa tó ń sáré kàn ń bá wọn jẹ nínú rẹ̀ ni.

Sóbò wọn ni mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà fún. Ìdajì lítà ni ìgò kan, wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ṣúgà inú rẹ̀ jẹ́ gírámù 30, oyin wà níbẹ̀, iyọ̀ díẹ̀ sì wà níbẹ̀ tí ahọ́n fi ń gbọ́ ọ wẹ́rẹ́. Ìwọ̀n yìí bọ́ sí i, nítorí pé gírámù 30 sí 60 ni ara ń fẹ́ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan bí eré bá ti kọjá wákàtí kan, ó sì lè tó 90 bí eré bá ju wákàtí méjì àtààbọ̀ lọ, bí ṣúgà náà bá jẹ́ oríṣi méjì tí ikùn ń gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ gbé wọlé, èyí tí oyin ní. Mo wọn ara mi kí n tó sáré wákàtí méjì àti lẹ́yìn tí mo parí: mo ti dín ní kílò kan ó lé gírámù 400 pẹ̀lú lítà kan tí mo mu lójú ọ̀nà, ìyẹn ni pé òógùn tó jáde lára mi ju lítà méjì lọ. Ẹni tó bá fi omi inú ọ̀rá nìkan dípò gbogbo ìyẹn, tó ń mu ún ní àmujù láìsí iyọ̀, lè sọ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ di fẹ́ẹ́rẹ́, ewu gidi sì ni. Àbùkù kan ṣoṣo ni sóbò yìí ní: ìdérí ìgò ń jò. Àpò mi ṣì pọ́n dòní.

Èyí tí n kò lè dárí jì wọ́n tán ni oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìje, tí wọ́n tà ní ₦15,000 lọ́tọ̀. Aago márùn-ún ni wọ́n ṣèlérí, ó kọjá aago mẹ́sàn-án kí ó tó dé. Ẹ̀wà àgànyìn ni, pẹ̀lú ata díndín tó ń dán fún epo, dòdò, ẹja díndín àti ẹ̀fọ́ rírò. Ẹ bá mi wò ó: ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ tó máa ń pẹ́ nínú ìfun, epo tó ń dá ikùn dúró, ata, ní alẹ́ tí ènìyàn yóò jí ní aago mẹ́ta òru. Mo jẹ ẹ́, nítorí pé n kò se nǹkan mìíràn sílẹ̀. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Ikùn mi bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí afárá Third Mainland, níbi tí ọ̀sà wà lọ́tùn-ún àti lósì, tí ènìyàn kò ti lè yà sígbó. Mo rìn ju bí mo ṣe sáré lọ láti ibẹ̀, wákàtí márùn-ún ó dín ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni mo fi parí.

Ìrẹsì funfun, iṣu sísè, búrẹ́dì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ àti ọbẹ̀ tí kò ta ni ó yẹ kí wọ́n kó fún mi, kì í sì í ṣe alẹ́ kan péré, bí kò ṣe ọjọ́ kan àtààbọ̀ sí méjì ṣáájú, ní gírámù 10 sí 12 afáralókun fún kílò kọ̀ọ̀kan. Ti ẹni bíi tèmi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 700 lóòjọ́, ìrẹsì tó pọ̀ débi tí ojú á kọ́kọ́ kọ̀ ọ́. Wọ́n tún fi ọ̀rá ìyẹ̀fun kan sínú oúnjẹ alẹ́ ọ̀hún, tí wọ́n ní ó ń fúnni lágbára, láìsí nọ́ńbà NAFDAC, láìsí orúkọ ẹni tó ṣe é. Mo jù ú nù. Eléré tí wọ́n ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ rẹ̀ wò fún oògùn tí wọ́n kà léèwọ̀ ni yóò jíhìn fún ohunkóhun tí wọ́n bá rí lára rẹ̀, ẹni yòówù kó tà á fún un.

Mo pe obìnrin náà lórí fóònù ní ọjọ́ kejì ìje, mo sì tò ó fún un bó ṣe rí. "Ẹ má bínú, bọ̀dá mi," ó ní, "bí iṣu bá ti pọ̀ ju ẹran lọ nínú abọ́, àwọn kọ́sítọ́mà wa á ní a fẹ́ rẹ́ wọn jẹ ni." Òótọ́ lọ́rọ̀ rẹ̀, n kò rí èsì fọ̀ sí i, torí mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn tí a jọ ń sáré. Kò dá owó mi padà, ṣùgbọ́n ó gbà láti máa sè é bí mo ṣe fẹ́, mo sì san ti ọ̀sẹ̀ méjì sí i fún oúnjẹ ọ̀sán àti sóbò, láìsí oúnjẹ alẹ́. Abọ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e dé ní aago kan. Mo gbé iṣu inú rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n: gírámù 480. Ẹyin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣì wà níbẹ̀.