Kọ́ọ̀sì tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń to gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì: ó dáa gan-an, àmọ́ ẹ wá ìbéèrè kọ́ níbòmíì

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá kọ́ọ̀sì tó lè kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń to gbólóhùn òyìnbó láti ìpìlẹ̀, mo ti wo ọ̀kan parí báyìí, ó sì tó nǹkan téèyàn ń sọ̀rọ̀ lé lórí dáadáa. Fídíò ni gbogbo ẹ̀, èèyàn lè wò ó lórí fóònù, fídíò kọ̀ọ̀kan ò gùn, tó bá sì ti parí wọ́n á gbé ìdánwò kékeré síwájú ẹ, o ò lè kọjá síbi tó kàn àfi tó o bá ṣe é. Àwọn àgbàlagbà ni mo máa ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, torí náà ohun tí mò ń wò ni pé ṣé ẹni tó gbọ́ òyìnbó díẹ̀díẹ̀ àmọ́ tí ò lè kọ ọ́ sílẹ̀ máa lè lo kọ́ọ̀sì yìí láìsí tíṣà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn ẹ̀ ni ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì gírámà, orí ọ̀rọ̀-orúkọ ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n á bọ́ sórí ọ̀rọ̀-àpèjúwe, wọ́n á bọ́ sórí ọ̀rọ̀-atọ́kùn, èèyàn á há gbogbo ẹ̀ sórí, síbẹ̀ tẹ́ ẹ bá ní kó kọ gbólóhùn márùn-ún tó dúró, kò ní lè kọ ọ́. Eléyìí ò ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀-ìṣe (verb) ló kọ́kọ́ gbé síwájú, ó ní kẹ́ ẹ máa bi ọ̀rọ̀-ìṣe léèrè pé kí ló ń fẹ́ lẹ́yìn ara ẹ̀. "Sleep" ò fẹ́ nǹkan kan, "The baby slept" ti parí, kò sí ohun tó kù. "Buy" ń fẹ́ ohun tí wọ́n rà, tó o bá ní "She bought" tó o wá dákẹ́, ẹni tó ń gbọ́ ẹ á ṣì máa retí. "Give" ní tiẹ̀ ń fẹ́ méjì, ẹni tí wọ́n fún àti nǹkan tí wọ́n fún un, "My sister gave him a book."

Ibi tó dé "put" gan-an ni mo ti gbà pé ẹni tó ṣe kọ́ọ̀sì yìí mọ iṣẹ́ ẹ̀. Ó kọ "She put the key" sójú bọ́ọ̀dù. Olùwà (subject) wà ńbẹ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe wà ńbẹ̀, àbọ̀ (object) náà wà ńbẹ̀, ó wá dúró díẹ̀ kẹ́ ẹ lè wò ó, ó ní ṣé ó ti parí? Kò tíì parí o, torí pé "put" gbọ́dọ̀ sọ ibi tí wọ́n fi nǹkan náà sí: "She put the key on the table." Ó wá mú gbólóhùn míì, "She read the letter on the table", ó nu "on the table" kúrò, gbólóhùn yẹn ṣì dúró ṣinṣin. Ó padà sórí ti "put", ó nu tiẹ̀ náà kúrò, ìyẹn wó lulẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan náà, níbì kan wọ́n pọn dandan, níbòmíì wọ́n kàn jẹ́ àfikún, ọwọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe sì ni gbogbo ẹ̀ wà. Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti fi èyí han akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kedere tó báyìí.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé oríṣi gbólóhùn méje ni wọ́n kọ́ wa dípò márùn-ún. Ẹ lè ti gbọ́ nípa márùn-ún níbòmíì, àwọn ará Jàpáànù tó ń kọ́ òyìnbó ń lò ó gan-an nílé ẹ̀kọ́, kò sì burú, àmọ́ nínú márùn-ún yẹn, kò sí àyè gidi fún irú "put" yìí. Ìwé gírámà ńlá tí Randolph Quirk, onímọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì, àtàwọn mẹ́ta míì gbé jáde ní 1985 ló ka méje, torí wọ́n gbà pé ibi tí nǹkan wà lè jẹ́ dandan fún ọ̀rọ̀-ìṣe, bíi "The children are in the garden" àti ti kọ́kọ́rọ́ tá a sọ yẹn. Lójú tèmi o, méje ló yẹ kí wọ́n máa kọ́ èèyàn, torí méjì tí wọ́n fi kún un yẹn, ojoojúmọ́ là ń lò wọ́n.

Fídíò kan tún wà lórí ìdí tí òyìnbó ò fi fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kúrò láyè ẹ̀. "The dog bit the man", "The man bit the dog", ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n lò, àmọ́ ẹni tó géni jẹ àti ẹni tí wọ́n gé jẹ ti yí padà. Wọ́n ṣàlàyé pé Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, ti bí ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn, máa ń ní àfikún lẹ́tà ní ìparí ọ̀rọ̀-orúkọ tó ń fi hàn ẹni tó ṣe nǹkan àti ẹni tí wọ́n ṣe é sí, èèyàn sì lè gbé ọ̀rọ̀ kiri díẹ̀ láìsí wàhálà, ìgbà tí àwọn àfikún yẹn wá ń pa rẹ́ díẹ̀díẹ̀, ọrùn ìtò ọ̀rọ̀ ni gbogbo iṣẹ́ yẹn bọ́ sí. "He" àti "him", "they" àti "them" wà lára ohun tó ṣẹ́ kù. Apá yìí ò ní le fún Yorùbá, torí bí àwa náà ṣe ń tò ó nìyẹn, olùwà, ọ̀rọ̀-ìṣe, àbọ̀.

Ibi tó máa ń le fún wa, kọ́ọ̀sì yìí ò mọ̀ ọ́n, torí kì í ṣe àwa ni wọ́n ṣe é fún, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa fi ojú sí i. Àkọ́kọ́ ni pé Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà gbà kí gbólóhùn wà láìní olùwà, kódà níbi tí kò ti sí ẹnikẹ́ni tó ń ṣe nǹkan, ìyẹn ni "it" fi wà nínú "It is raining" àti "It is late." Kọ́ọ̀sì náà kọ́ èyí dáadáa. Èyí tí kò sọ ni pé olùwà tiwa àti tiwọn kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ nǹkan kan náà. Nínú "ebi ń pa mí", ebi ni olùwà, nínú "orí ń fọ́ mi", orí ni, àmọ́ lédè Gẹ̀ẹ́sì, èèyàn gan-an ló máa bọ́ síwájú, "I am hungry", "I have a headache." Ẹni tí ò bá mọ èyí á máa kọ "Hunger is catching me", gírámà ẹ̀ ò sì yingin o, àmọ́ òyìnbó ò ní sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Èkejì ni "ó ga", "ó pupa". Ọ̀rọ̀-ìṣe ni "ga" jẹ́ lọ́dọ̀ wa, kò nílò ìrànlọ́wọ́ kankan, àmọ́ "tall" kì í ṣe ọ̀rọ̀-ìṣe, "She tall" ò lè dúró àfi tí "is" bá wà láàárín. Ẹ̀kẹta ni "The man who he came." Àwa máa ń sọ pé "ọkùnrin tí ó wá", "ó" yẹn wà ńbẹ̀ gedegbe, òun làwọn èèyàn ń gbé lọ sínú Gẹ̀ẹ́sì láìmọ̀, bẹ́ẹ̀ "who" nìkan ti tó.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ ibi tó kù sí, torí ó bí mi nínú díẹ̀. Ìbéèrè! Gbogbo ẹ̀kọ́ lórí bí wọ́n ṣe ń béèrè nǹkan, inú fídíò kan ṣoṣo ni wọ́n kó o sí, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ làwọn tí mò ń kọ́ ti máa ń ṣì í jù. Lọ́dọ̀ wa, "ṣé" á wà níwájú, gbólóhùn tó kù ò mira. Lọ́pọ̀ ìgbà, Gẹ̀ẹ́sì á lọ gbé "do" wá, "do" yẹn á wá gba àsìkò (tense) àti "s" kúrò lára ọ̀rọ̀-ìṣe, "He likes it" á di "Does he like it?", "You went" á di "Did you go?" Ẹni tí wọn ò bá fi han pé "did" ti kó àsìkò lọ, "Did you went" lá máa kọ títí ayé. Wọn ò tiẹ̀ fẹnu kan ìbéèrè tó wà nínú gbólóhùn míì rárá, pé "Where is he?" ló tọ̀nà àmọ́ "I don't know where he is" la gbọ́dọ̀ kọ. Àkókò tí wọ́n fi to ọ̀rọ̀-àpèjúwe lẹ́sẹẹsẹ, pé bí nǹkan ṣe tóbi tó ṣáájú àwọ̀, àwọ̀ ṣáájú ibi tó ti wá, ì bá tó ṣe iṣẹ́ yẹn, ta ló ń to ọ̀rọ̀-àpèjúwe márùn-ún sójú kan náà jàre.

Ìdánwò wọn náà ní àléébù. Wọ́n á da ọ̀rọ̀ rú, wọ́n á ní kó o tò ó, tó o bá tò ó sí "Yesterday she bought a book", wọ́n á ní o ò gbà á, torí "She bought a book yesterday" nìkan ni wọ́n kọ sínú ẹ̀rọ wọn. Méjèèjì tọ̀nà! Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ò ní mọ̀, á rò pé òun ló ṣì í, á wá pa ohun tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ tì. Ó yẹ kí wọ́n tún ìyẹn ṣe kíákíá.

Ìparí ẹ̀, níbi tí wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń so awẹ́-gbólóhùn (clause) pọ̀, dáa púpọ̀. Wọ́n fi yé wa pé kọ́mà nìkan ò lágbára tó láti so gbólóhùn méjì tó dá dúró pọ̀, "The bus was late, we walked" ò tó, ẹ fi "so" sí i tàbí kẹ́ ẹ gbé full stop síbẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ síbẹ̀ yẹn o, torí èdè wa máa ń jẹ́ ká rọ ọ̀rọ̀ lérí ara wọn lọ gbuurugbu.

Tó bá jẹ́ pé ẹ ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ tí kíkọ ẹ̀ ń dà yín láàmú, ẹ lọ gbà á. Tí ẹ ò bá tíì gbọ́ rárá, ẹ dúró ná, torí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣàlàyé Gẹ̀ẹ́sì látòkèdélẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀rọ̀-ìṣe, ẹ wo méjèèje pé, ẹ fo ti ọ̀rọ̀-àpèjúwe, kẹ́ ẹ sì wá ẹni tó máa fi "do" àti "did" kọ́ yín lọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó bọ́ sí apá ìparí.