Afárá tí kì í gbé ènìyàn sọdá: ìrìn mi sí Kenwood

Afárá funfun tó wà ní ìdí adágún ni ojú mi kọ́kọ́ lọ bá. Mo ti mú fóònù dání, mo fẹ́ lọ gun orí rẹ̀ ya fọ́tò. Ìgbà tí mo súnmọ́ ọn ni mo rí i pé ẹ̀tàn ni: pákó tí wọ́n kùn lọ́dà, ojú kan ṣoṣo ló ní. Wọ́n kàn gbé e síbẹ̀ kí adágún lè dà bí odò tó ń ṣàn lọ, kí àwọn tó wà lójú fèrèsé ilé ńlá rí nǹkan fi najú ni.

Àriwá Lọ́ńdọ̀nù ni Kenwood, ilé ńlá náà àti ọgbà rẹ̀, wà, létí pápá ńlá tí wọ́n ń pè ní Hampstead Heath. William Murray, adájọ́ àgbà tó padà di Lord Mansfield, ló rà á ní 1754. Nígbà tó kú ní 1793, ajogún rẹ̀ pe Humphry Repton, ọ̀gá nínú títo ọgbà, kó wá tún ilẹ̀ náà tò. Àní wọ́n yí títì padà kó lè jìnnà sílé! Èmi tí mo rò pé igbó àti pápá náà kàn hù bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ Dido Belle ló gbé mi débẹ̀. John Lindsay, ọmọ arábìnrin Mansfield, ló bí i. Maria Belle, obìnrin adúláwọ̀ tó jẹ́ ẹrú, ni ìyá rẹ̀. Nílé yìí ló dàgbà sí, òun ló ń bójú tó ibi ìfúnwàrà àti àwọn adìyẹ. Àlejò kan kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1779 pé ìgbà táwọn jẹun tán ni Dido tó wọlé wá jókòó ti àwọn obìnrin. Ọmọ ilé ni o, àmọ́ kò bá wọn jẹun. Mansfield kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún rẹ̀ pé òmìnira ni Dido, ó sì fi £500 sílẹ̀ fún un, pẹ̀lú £100 lọ́dọọdún. Ohun kan tó dùn mí ni pé ojúlówó àwòrán Dido kò sí níbẹ̀: Scone Palace ní Scotland ló wà.

Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Edward Cecil Guinness, ìdílé òdékú wa yẹn náà, tó fi ilé àtàwọn àwòrán rẹ̀ sílẹ̀ fáráàlú nígbà tó kú ní 1927. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ayàwòrán ńlá bíi Rembrandt àti Vermeer wà níbẹ̀.

Bọ́ọ̀sì 210 ni mo wọ̀. Ẹ má wọ bàtà funfun bíi tèmi bí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ẹrẹ̀ inú igbó yẹn kì í ṣe ẹ̀tàn.