Bátìrì Lithium 5kWh Tó Wà Nílé Mi: Oṣù Mẹ́rìnlá Rèé, Ẹ Jẹ́ N Sọ Ohun Tójú Mi Rí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí pé "ẹ̀gbọ́n, bátìrì tẹ́ ẹ rà yẹn, ṣé ó dáa?", mi ò lè máa dá yín lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́, ẹ wá kà á níbí. Bátìrì náà dáa. Ẹni tó wá bá mi so ó ni kò dáa, ọ̀rọ̀ ẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á o, ọ̀gá ibẹ̀ ti bẹ̀ mí, mo sì ti gbà, ó tán síbẹ̀.

Kí n tó ra lithium, tubular mẹ́rin ni mo ń lò, 220Ah, àwọn gìrìwò tó máa ń gba omi bátìrì yẹn. Ìbàdàn la wà, àdúgbò wa ò sí nínú àwọn tí wọ́n ń pè ní Band A, tí NEPA bá ṣàánú wa wọ́n á fún wa ní wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, ìyẹn náà á sì máa wá ní jáńjàn-jáńjàn, wákàtí kan láàárọ̀, ìṣẹ́jú ogójì lọ́sàn-án, báyẹn báyẹn. Àwọn tubular yẹn ò pé ọdún méjì tí wọ́n fi di ẹrù. Iná á lọ ní aago mẹ́jọ alẹ́, tó bá fi máa di mọ́kànlá ínfátà á ti máa ké píì píì píì, ìyàwó mi á ní "Bàbá Tóbi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ lọ pa nǹkan yẹn, ọmọ ń sùn". Mo rò pé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi, mo ṣépè fún ẹni tó tà á, kí Ọlọ́run má gbọ́ ọ o, torí ìgbà tó yá ni mo wá mọ̀ pé kò jẹ̀bi.

Ṣé ẹ rí bátìrì olójèé, bíi tubular yẹn, ó ti dàgbà, ará Faransé kan tó ń jẹ́ Gaston Planté ló ṣe é lọ́dún 1859, ìwà ẹ̀ ò sì tíì fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Tó bá ti fẹ́ kún, ńṣe lá máa mu iná díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ń rọ lágbo, ó lè gbà tó wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá kó tó kún délẹ̀. NEPA wákàtí mẹ́rin, báwo ló ṣe fẹ́ kún? Tí kò bá sì ti ń kún dáadáa lójoojúmọ́, sulphate á máa gbẹ mọ́ òjé inú ẹ̀ lára bí èépá, ibi tó bá ti gbẹ mọ́ ò ní ṣiṣẹ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni bátìrì á ṣe máa kéré sí i nínú títí tó fi máa jẹ́ pé ike àti omi nìkan lẹ gbé sílé. Ẹ tún fi ti pé wọn ò ní kéèyàn lò ju ìdajì ẹ̀ lọ kún un. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tèmi, tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀, ó lé díẹ̀ ní 10kWh, ìyẹn yúníìtì iná mẹ́wàá, márùn-ún lèèyàn lè fọkàn balẹ̀ lò níbẹ̀.

Èyí tí mo wá rà báyìí, 51.2V 100Ah ni wọ́n kọ sí i lára, ìyẹn 5.12kWh. Sẹ́ẹ̀lì mẹ́rìndínlógún ló wà nínú ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan 3.2V, wọ́n so wọ́n tẹ̀lé ara wọn. Èmi àti ọmọkùnrin kan péré la gbé e wọlé láti inú bọ́ọ̀tù, bẹ́ẹ̀ sì rèé ìdí tubular kan ṣoṣo, èèyàn méjì á mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ń gbé fáànù mẹ́ta, tẹlifíṣọ̀n, gílóòbù, fíríìjì àti fíríìsà tí ìyàwó mi fi ń ta zobo àti omi tútù. Gbogbo ẹ̀, tí mo bá wo ojú ínfátà lálẹ́, ó máa ń wà ní nǹkan bí 400W. Aago mẹ́jọ alẹ́ la máa ń bọ́ sórí bátìrì, aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí ó ṣì wà ńbẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó ṣe bẹ́ẹ̀ mo jí lẹ́ẹ̀mẹta láti lọ wò ó.

Àmọ́ kì í ṣe pípẹ́ tó ń pẹ́ gan-an ló jọ mí lójú jù. Ó mọ iná gbà! Wákàtí méjì péré, tí ínfátà bá ń fún un ní 50A, ó ti kún délẹ̀, kò sí pé ó ń fà á nílẹ̀ níparí bíi ti tubular, tí kò bá sì kún náà, kò bà á nínú jẹ́. Fún èmi tí NEPA ń ṣe bó ṣe wù ú fún, ohun tí mo nílò gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá ń rí iná wákàtí ogún lójúmọ́ lè má rí ìyàtọ̀ tí mò ń sọ yìí, kí onítọ̀hún má wulẹ̀ náwó ẹ̀, kó lo tubular ẹ̀ ní jẹ̀lẹ́ńkẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá fẹ́ rà, ẹ má kàn wọ ṣọ́ọ̀bù kẹ́ ẹ ní "lithium ni mo fẹ́ o". Èwo nínú ẹ̀? Èyí tí mo ń sọ nípa ẹ̀ ni LiFePO4, irin àti phosphate ni wọ́n fi ṣe é. Ti inú fóònù yàtọ̀, ìyẹn ní cobalt nínú, èyí tó pọ̀ jù nínú cobalt ayé sì ni wọ́n ń wà jáde ní Kóńgò, ó wọ́n, ìwàkusà ẹ̀ sì ti fìyà jẹ àwọn ọmọdé ibẹ̀. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ọwọ́ bàbá kan náà ni méjèèjì ti jáde o. John Goodenough, òun àtàwọn èèyàn ẹ̀ ló rí ti cobalt lọ́dún 1980 ní Oxford, ìgbà tó wá lọ sí Texas, òun àtàwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ ló tún gbé ti irin jáde, 1997 ni wọ́n tẹ ìwé ẹ̀. Bàbá yẹn ti pé ẹni ọdún 97 kí wọ́n tó fún un ní Nobel ní 2019, òun àti Stanley Whittingham pẹ̀lú Akira Yoshino, ó sì pé ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó kú ní 2023. Nígbà tó kọ́kọ́ jáde, àwọn èèyàn ò kà á sí torí irin phosphate ò fẹ́ kí iná gba inú òun kọjá rárá, àfìgbà tí wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná tí wọ́n sì fi carbon, bí èédú báyìí, pa á lára, ló tó wá di nǹkan gidi.

Ìdí tí mo fi ń da irin láàmú ni ọ̀rọ̀ iná. Nínú phosphate yẹn, ọ́síjìn dì mọ́ phosphorus gírígírí, tó bá gbóná kì í tètè jù ú sílẹ̀, tí ọ́síjìn ò bá sì jáde, iná ò rí ohun táá fi gbèrú. Ti cobalt máa ń tú u sílẹ̀. BYD, iléeṣẹ́ mọ́tò ní Ṣáínà, ta ìṣó wọ inú bátìrì Blade wọn tó jẹ́ ti irin yìí ní 2020, wọ́n gbé fídíò ẹ̀ jáde, kò gbiná. Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ lọ máa kan ìṣó mọ́ tiyín o, mi ò sì sọ pé kò lè jóná láéláé, àmọ́ yàrá tí ọmọ mi ń sùn ló fara ti ògiri tó wà, ìyẹn ló jẹ́ kó ká mi lára.

Ó wá kan ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò.

Ọjọ́ kẹrin tí wọ́n so ó, NEPA mú iná dé, gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa, lẹ́yìn bíi wákàtí méjì NEPA ṣẹ́ jú fìrì báyìí, gbogbo ilé ṣókùnkùn biribiri. Bátìrì tan iná pupa, ínfátà kọ "error" sójú, fíríìsà dákẹ́. Mo pe ẹni tó so ó, ó ní "ẹ̀gbọ́n, ẹ pa á, kẹ́ ẹ tún un tàn". Mo pa á, mo tún un tàn, ó ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kejì ó tún ṣe é. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi ń pa á tí mo fi ń tàn án bí ẹni ń ṣeré pẹ̀lú ṣúìṣì, mo pe ọkùnrin yẹn títí kò gbé e mọ́. Àbúrò kan ládùúgbò wa tó máa ń so sólà ló wá bá mi wò ó, ó tẹ ojú ínfátà ní ẹ̀ẹ̀mẹrin márùn-ún, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, oúnjẹ tubular ni wọ́n ṣì ń fún lithium jẹ o."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé onítọ̀hún já tubular, ó so lithium, kò fọwọ́ kan sẹ́tìnì rárá. Ínfátà ṣì rò pé bátìrì olómi ló wà níwájú òun, nígbà tí èyí sì ti kún, ó tún ń tì í lọ sí 60V, wọ́n máa ń fi ìyẹn ho omi inú tubular kí èépá yẹn lè ṣí. Nínú lithium, pátákó kékeré kan wà tó ń jẹ́ BMS, òun ni mègáàdì ibẹ̀, sẹ́ẹ̀lì kan ò gbọ́dọ̀ kọjá 3.65V lójú ẹ̀. Bó ṣe rí i pé wọ́n fẹ́ kọjá, ó ti ilẹ̀kùn gbàgà. Bí NEPA ṣe wá ṣẹ́jú báyìí, ínfátà yíjú sí bátìrì, kò bá ẹnikẹ́ni. Àbúrò yẹn gbé e sí 56.8V, ó pa equalize, ìyẹn hího omi tubular yẹn, ó tán. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, ó sì kọ̀ kò gbowó, zobo la fún un mu.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni ọ̀rọ̀ pásẹ́ǹtì, ìyẹn ò kan ẹnikẹ́ni, ìwà bátìrì náà ni. Oṣù keje ni, òjò ń rọ̀ ṣáá, NEPA ò sí, jẹnẹrétọ̀ ni mo ń fi fún un ní ìwọ̀nba, bíi ogún ọjọ́ ni kò fi kún rí. Lóru ọjọ́ kan mo wò ó, 38%, mo lọ sùn pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, aago méjì òru ló kú pátápátá. Háà! Mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè kẹ́ ẹ tó rí mi, mo ní kí n kọ́kọ́ kà nípa ẹ̀ ná. Ti tubular, bó ṣe ń tán ni volt ẹ̀ ń rẹlẹ̀, ẹ wo volt ẹ ti mọ ibi tó kù sí. Bátìrì onírin yìí, láti 80% dé 20%, volt kan àti díẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ fi máa ń lọ sílẹ̀, ojú lásán ò lè fi mọ̀ ọ́n. Kíkà ni BMS ń ka iná tó wọlé àtèyí tó jáde, bí ìgbà tí ìyá kan ń ka kóńgò gààrí tó bù wọ àpò àtèyí tó bù tà láìbojú wo inú àpò, èyí tó dànù sílẹ̀ kò kà á, ìṣirò ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀. Àfi tí àpò bá kún dé ẹnu ló tó lè sọ pé ó yá, ẹ jẹ́ ká tún kíkà bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà mo máa ń rí i dájú pé ó kún dé 100% lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, kódà tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni mo fi máa ṣe é. Látìgbà yẹn kò parọ́ fún mi mọ́. Àmọ́ ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n kó fún mi, ìwé ojú méjìlélógún, èdè Ṣáínà ló pọ̀ jù nínú ẹ̀.

Àwọn kan wà tí wọ́n ní àwọn ń dúró de bátìrì sodium, èyí tí wọ́n fi sodium ṣe dípò lithium. Mo gbọ́, CATL, iléeṣẹ́ bátìrì ní Ṣáínà, ti fi ti wọn han ayé ní 2021, 160Wh ní kílò kan, ní oṣù kẹrin 2025 wọ́n tún gbé Naxtra jáde, 175. Sodium pọ̀ nílé ayé bí iyọ̀, torí inú iyọ̀ náà ló wà, bàbà inú ẹ̀ ni wọ́n sì lè fi alumíníọ́ọ̀mù rọ́pò. Òtútù kì í mú un, ìyẹn ò kàn wá níbí. Ibi tó ti máa le ni pé sẹ́ẹ̀lì kan á bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 4V, á sọ̀ kalẹ̀ dé 1.5V, kó ìyẹn jọ lọ́nà mẹ́rìndínlógún kẹ́ ẹ wo ibi tó dé, ínfátà mi á ti sọ pé òun ò mọ̀ ọ́n mọ́ kó tó tán. Ẹni tó bá máa dúró á tún ra ínfátà. Ti solid-state, bátìrì tí kò ní omi nínú, ńkọ́? Toyota ní àwọn á gbé e sínú mọ́tò ní 2027 tàbí 2028. Ẹ máa dúró dè é, èmi ń lo fáànù.

Ohun tí ò dùn mọ́ mi nínú ẹ̀: owó ẹ̀ lé ní mílíọ̀nù kan, ìdajì owó àjọ tí mo kó ló bá a lọ. Wọ́n kọ 6,000 cycle, ìyẹn iye ìgbà tó lè kún kó sì tán, sí i lára, wọ́rántì wá jẹ́ ọdún márùn-ún, ẹni tó bá dá ara ẹ̀ lójú á fún mi ní mẹ́wàá. Kò fẹ́ràn ooru, mo ní láti gbé e kúrò lẹ́yìn kítíṣìnnì. Bó bá sì kú lọ́jọ́ kan, mi ò mọ ẹni tí màá gbé e fún. Àwọn tó ń ké "kọ́ńdẹ̀mù bátìrì" kiri wá ra tubular mi lójú ẹsẹ̀, wọ́n sanwó, inú mi dùn, àfìgbà tí mo ka ọ̀rọ̀ Ògìjo ní ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irú ẹ̀, tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ibẹ̀ wò tí wọ́n bá òjé nínú ẹ̀, tọmọdé tàgbà. Owó yẹn ò wá fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́.

Bátìrì: mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Ẹni tó so ó: òdo, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ gàdàgbà. Tẹ́ ẹ bá rà á, ẹ má jẹ́ kí onítọ̀hún kúrò nílé yín láìjẹ́ pé ẹ fojú ara yín rí i lójú ínfátà pé ó ti yí bátìrì kúrò ní flooded, ìyẹn bátìrì olómi, pé equalize ti kú, kẹ́ ẹ sì ya fọ́tò ẹ̀. Mo ti fẹ́ ra bátìrì kejì kún un fún ṣọ́ọ̀bù tiwa, ìyàwó mi ní kí n kọ́kọ́ dá owó fíríìsà tí mo yá lọ́wọ́ òun padà ná.