Wífì laptop mi tí wọ́n ní ó ti kú, àti ọmọkùnrin Kétu tó jí i

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ó ti tó oṣù kan tí mo ti fẹ́ kọ èyí, iṣẹ́ ni kò jẹ́. Ọmọkùnrin kan wà ní Kétu níbí, Kétu ti Benin, kò jìnnà sí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa, abẹ́ páànù ló ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, kò kọ nǹkan kan síta, tábìlì kan àti àga méjì pẹ̀lú bátìrì ọkọ̀ tó fi ń tan iná nígbà tí wọ́n bá mú iná lọ, gbogbo ohun tó ní nìyẹn. Mi ò ní dárúkọ ẹ̀ torí kò rán mi níṣẹ́.

Ṣọ́ọ̀bù fọtokopì ni mo ní. Laptop tí mo ń lò, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló fún mi, ó ti lò ó gbó, ó wá yọ Windows kúrò ó fi Linux Mint sí i, sítẹ́ẹ̀mù mìíràn tó ń ṣe iṣẹ́ Windows, ó ní kò ní máa falẹ̀ mọ́, kò sì falẹ̀ lóòótọ́, wọn ò sì gba kọ́bọ̀ lórí ẹ̀. Wífì nìkan ni wàhálà. Tí mo bá gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ modẹ́ẹ̀mù, tí àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fẹnu ko ara wọn lẹ́nu, ó máa mú. Tí mo bá gbé e dé ẹnu ọ̀nà, ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré o, ó ti lọ nìyẹn. Fóònù mi á sì wà lórí laptop yẹn gan-an, wífì á kún inú ẹ̀ fọ́fọ́. Oníbàárà á fi ìwé ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé kí n tẹ̀ ẹ́ jáde, èmi á gbé kọ̀ǹpútà mọ́ra bí ọmọ tí ara ẹ̀ ò yá, mo ń gbé e lọ bá modẹ́ẹ̀mù, oníbàárà ń wò mí.

Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ni mo kọ́kọ́ gbé e lọ, torí mo ní nǹkan tí mo fẹ́ rà ní ọjà Wandó. Ṣọ́ọ̀bù ńlá, klíìmù ń fẹ́, wọ́n ń fi Faransé kíni. Wọ́n gba 2,000 sẹ́fà lọ́wọ́ mi pé àwọn fẹ́ wò ó. Wọn ò tú u, mo jókòó síbẹ̀ mo ń wò wọ́n, wọ́n kàn tẹ nǹkan méjì mẹ́ta, wọ́n ní káàdì wífì ti kú, 15,000 ni tuntun, àti pé kí n jẹ́ kí wọ́n dá Windows padà sí i torí Linux yìí kì í ṣe nǹkan gidi. Mo dúpẹ́, mo gbé ẹrù mi. Lójú ọ̀nà mo ra klé wífì kékeré kan, èyí tí wọ́n ń tì bọ ojú USB kó lè máa mú wífì, lọ́wọ́ ọmọ tó ń kiri, 4,000, mo tì í bọ inú kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà ní CD lòun rí. Ẹ gbọ́ mi, nǹkan tí kò ju èékánná lọ, ó ń pe ara ẹ̀ ní CD! (Ọmọ Kétu yìí ló padà ṣàlàyé fún mi pé àwọn klé kan wà tó jẹ́ pé dráífà Windows, ètò tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà bí á ṣe lo nǹkan, ni wọ́n kó sínú wọn, wọ́n á kọ́kọ́ ṣe bíi CD kí Windows lè rí dráífà náà kó, ìgbà tí wọ́n bá sọ fún un pé kó yí padà ló tó di wífì. Inú dúrọ́ọ̀ ló wà títí di òní.)

Ohun tí mo fẹ́ràn lára ọmọkùnrin yìí ni pé kò fọwọ́ kan sukudíráfà. Ìbéèrè ló fi bẹ̀rẹ̀. "Màmá, ẹ kú ìrìn, ó ti mú wífì dáadáa rí?" Mo ní ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sọ pé nígbà tó wà lórí Windows ó ń mú. Ó ní kí n mú fóònù mi wá pẹ̀lú wáyà tí mo fi ń ṣájì, ó so wọ́n pọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà, ó tẹ "Partage de connexion par USB" lórí fóònù, ìyẹn ni pé kó fi wáyà pín íntánẹ́ẹ̀tì ẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, íntánẹ́ẹ̀tì wọlé wẹ́rẹ́. Mi ò mọ̀ pé ó ṣeé ṣe! Gbogbo oṣù tí mo fi ń pọn kọ̀ǹpútà kiri inú ṣọ́ọ̀bù. Tí wífì yín bá kọ̀ lórí Linux, ibí yìí ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, torí láìsí íntánẹ́ẹ̀tì kò síbi tí ẹ ti fẹ́ rí dráífà, ti fóònù yìí sì rèé, kò béèrè dráífà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ó wá ṣí terminal, ibi tí wọ́n ti ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, ó kọ lspci -k, èyí tó ń pe orúkọ àwọn káàdì inú ẹ̀ àti dráífà wọn. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà sí mi, ó fi ìka sórí ìlà kan, RTL8723BE, orúkọ káàdì wífì mi nìyẹn, ìsàlẹ̀ ẹ̀ ni "Kernel driver in use: rtl8723be". Ó ní, "Òkú kì í jẹ́ orúkọ, màmá. Ẹni tí wọ́n ní ó ti kú ló ń dáhùn yìí." Ó tún kọ rfkill list, ìyẹn ló máa ń sọ bóyá ẹnì kan ti pa wífì, yálà láti ara bọ́tìnnì tàbí láti inú sítẹ́ẹ̀mù. "no" ló wà níwájú méjèèjì. Ó mi orí.

Ó ní káàdì yìí, ojú méjì ló ní tí wọ́n lè so áńtẹ́nà mọ́. Wáyà áńtẹ́nà á gba inú ìdè ìdérí kọjá, á gun ẹ̀gbẹ́ skríìnì lọ sókè, ibẹ̀ ló ti ń gbọ́. Lára laptop bíi tèmi, wáyà ẹyọ kan ni àwọn tó tò ó so síbẹ̀, wọn ò sì fi sọ́kàn káàdì náà dáadáa pé ojú wo ni wọ́n so ó mọ́, ni Linux bá lọ jókòó ti ojú tí kò sí wáyà lára ẹ̀, ó ń tẹ́tí. Bí ìgbà tí èèyàn fi fóònù sí etí tó di.

Kò tiẹ̀ ṣe é nínú kọ̀ǹpútà mi lójú ẹsẹ̀. Ó mú klé USB tiẹ̀ jáde tí Mint wà lórí ẹ̀, ó tan kọ̀ǹpútà láti ibẹ̀, ó ní tí nǹkan bá máa bàjẹ́, kó má jẹ́ tèmi. Ibẹ̀ la ti rẹ́rìn-ín. Kíbọ́ọ̀dù wa, AZERTY ti Faransé ni, klé ẹ̀ rò pé ti Amẹ́ríkà ni, ó fẹ́ kọ sudo modprobe, sudo ;odprobe ló ń jáde, M di àmì, A di Q, ó kọ ọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta ó ń bínú, èmi tó jẹ́ pé títẹ̀ ni mo fi ń jẹun ni mo sọ fún un pé kó yí kíbọ́ọ̀dù sí Faransé. Ó yẹ kó yọ 500 nínú owó mi fún ìyẹn.

Ó fi sudo modprobe -r rtl8723be yọ dráífà kúrò, ó dá a padà pẹ̀lú ant_sel=1 nídìí ẹ̀, ìyẹn ni pé kó lo ojú áńtẹ́nà kìíní. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì ló jáde, bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó tún yọ ọ́, ó fi 2 rọ́pò 1. Mọ́kànlá! Ti iwájú, ti ẹ̀yìn, ti ẹnì kan tó pe tiẹ̀ ní "Lọ ra tìẹ". Mo pariwo, àwọn tó ń kọjá yíjú.

Tí wọn ò bá fi nǹkan kan síbẹ̀, 0 ni, ìyẹn ni pé kí dráífà yan fúnra ẹ̀, tèmi sì mọ̀ ọ́n ṣì yàn. Ó wá padà sínú kọ̀ǹpútà mi gangan, ó ṣẹ̀dá fáìlì kan, /etc/modprobe.d/rtl8723be.conf, ìlà kan ló kọ síbẹ̀ kí kọ̀ǹpútà má bàa gbàgbé: options rtl8723be ant_sel=2. Ìlà kan. Wọ́n ní kí n mú 15,000 wá! Mo bi í pé ṣé kò lè kúkú yọ wáyà náà kó gbé e sójú kejì, ó ní ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n orí wáyà yẹn kéré bí ọkà bàbà, tí wọ́n bá ń yọ ọ́ léralera, ó máa ń ya.

3,000 ló gbà. Ọjọ́ kẹta mo padà lọ, torí wífì ń já tí mi ò bá fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà fún ìgbà díẹ̀. Ó ní NetworkManager, ètò tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ló ń fi í sùn kí bátìrì má bàa tètè tán, ó ṣí fáìlì default-wifi-powersave-on.conf, ó sọ 3 tó wà nídìí wifi.powersave di 2, ìyẹn ni pé kó má fi í sùn mọ́. Kò gba kọ́bọ̀. Láti ọjọ́ náà mo ń ṣiṣẹ́ lẹ́nu ọ̀nà níbi tí atẹ́gùn wà, mo sì ti ṣe mizajúù (ìmúdójúìwọ̀n) sítẹ́ẹ̀mù lẹ́ẹ̀mejì, ìlà yẹn ò parẹ́.

Ẹ má kàn lọ da ìlà yìí kọ o. Ọ̀rẹ́ mi olùkọ́ ní Pobẹ̀, káàdì Broadcom, ti ilé iṣẹ́ mìíràn, ni tiẹ̀, dráífà gan-an ni kò sí, inú Driver Manager ti Mint ló ti rí i, fóònù ló sì so mọ́ ọn kó tó rí i. Orúkọ tí lspci bá pè ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Níbo ló ti dùn mí? Ó ṣe mizajúù gbogbo sítẹ́ẹ̀mù láti orí fóònù mi, kò bi mí, ìgbà tí mo máa fi wò ó, fọ́fè dátà ọ̀sẹ̀ kan tí mo rà láàárọ̀ ti gbẹ. Ó ní "màmá, ààbò ni". Ààbò ta ni? Kì í fúnni ní rìsíìtì. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ò sì tán lẹ́nu ẹ̀, iṣẹ́ wákàtí kan á di méjì. Lọ́jọ́ Jímọ̀, ẹ má wulẹ̀ lọ lọ́sàn-án.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Tí ẹ bá ń lọ, ẹ mú wáyà fóònù tó ń gbé dátà dání, kì í ṣe àwọn ti ojú títì tó jẹ́ pé ṣájì nìkan ni wọ́n mọ̀. Kó tó fọwọ́ kan nǹkan, ẹ sọ fún un pé màmá oní-fọtokopì ní kó má ṣe mizajúù.