Ìwé, páálí káàdì àbí áàpù: èwo ni kí ẹ rà fún ìbéèrè eré ìdárayá àgbáyé?

Ẹni tó bá fẹ́ràn eré ìdárayá mọ bó ṣe máa ń dùn tó kí wọ́n bi èèyàn ní ìbéèrè, kí ìdáhùn wà lẹ́nu rẹ̀, kó sì kọ̀ kò jáde. Adùn yẹn ni mo ń wá tí mo fi ra mẹ́ta: ìwé ìbéèrè kan tó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi, páálí káàdì kan, àti áàpù kan tí mo ń sanwó rẹ̀ lóṣooṣù kí n tó pa á rẹ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kọ “àgbáyé” sára, ṣùgbọ́n àgbáyé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ẹ jẹ́ kí n tètè kúrò lórí áàpù. Ó yára, ó ń ka máàkì fúnra rẹ̀, ó sì dára fún ẹni tó dá jókòó nínú ọkọ̀. Bí ẹ bá gbà á, àwọ̀ ewé; bí ẹ bá kùnà, pupa; ó parí. Kò ní sọ ìdí fún yín. Ọjọ́ tí ẹ bá dáwọ́ owó dúró, gbogbo rẹ̀ lọ.

Páálí káàdì ló ń kó èèyàn jọ jù. Ọmọdé lè fà á, àgbà lè fà á, ariwo á sì sọ. Mi ò lè gba èyí lọ́wọ́ rẹ̀. Àmọ́ òun náà ló jẹ mí lówó.

Mo ṣètò ìdíje láàárín àwọn ọ̀rẹ́, ẹgbẹ́ méjì, ẹ̀bùn kan. A ti fẹnu kò pé ohun tí káàdì bá sọ ni abẹ gé. Wọ́n gbá máàkì dọ́gba títí ó fi ku ìbéèrè kan: ìgbà mélòó ni Lance Armstrong gba ìje kẹ̀kẹ́ Tour de France? Ẹni tó dáhùn ní kò gba ẹyọ kan. Káàdì ní méje. Mo tẹ̀ lé káàdì, mo gbé ẹ̀bùn fún ẹgbẹ́ kejì. Kò pẹ́ tí ọ̀rẹ́ mi tó dáhùn yẹn fi fa fóònù yọ. Òótọ́ ni pé Armstrong ló kọ́kọ́ dé lẹ́ẹ̀méje, láti 1999 dé 2005, ṣùgbọ́n wọ́n gba gbogbo rẹ̀ padà ní 2012 nítorí oògùn afúnnilágbára, wọn ò sì fi fún ẹlòmíì. Àwọn tó gba ẹ̀bùn ò dá a padà. Mo ra òmíràn tí iye rẹ̀ kò dín, ó sì tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ọ̀rẹ́ mi tó dá mi lóhùn dáadáa. Mo yẹ páálí náà wò tẹ̀yìn tẹ̀gbẹ́. Kò sí ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ níbì kankan.

Láti ọjọ́ náà, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń wò ni bóyá àkójọ kan mọ̀ pé ìdáhùn eré ìdárayá ń yí padà. Jim Thorpe, eléré ìdárayá ará Amẹ́ríkà, gba wúrà méjì ní Òlíḿpíìkì 1912. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1913 torí pé ó ti gbowó ṣeré baseball (eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù) rí, bẹ́ẹ̀ wọn kì í gba ẹni tó ti gbowó ṣeré láyè ní Òlíḿpíìkì nígbà náà. Ní 1982 wọ́n dá orúkọ rẹ̀ padà, ṣùgbọ́n òun àti ẹlòmíì ni wọ́n jọ kọ síbẹ̀. Ìgbà tó di 2022 ni wọ́n tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun nìkan ló gbà á. Ìbéèrè kan ṣoṣo, ọdún tí wọ́n tẹ ìwé ló máa sọ ìdáhùn.

Ìwé mi ṣàlàyé irú nǹkan báyìí. Ẹ wo Tobi Amusan ní Eugene ní 2022, nínú ìje 100 mítà tí àwọn obìnrin ti ń fo igi ìdènà. Ìṣẹ́jú àáyá 12.06 ló fi gba àṣekágbá, síbẹ̀ 12.12 tó sá ní ìpele tó ṣáájú rẹ̀ ni wọ́n kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èyí tó yá jù lágbàáyé, nítorí pé afẹ́fẹ́ tó ń ti wọn lẹ́yìn ní àṣekágbá ti kọjá ohun tí òfin gbà. Tí káàdì bá kọ 12.12 lásán, ìjà dé nìyẹn. Tó bá sọ ti afẹ́fẹ́, ọ̀rọ̀ á dùn.

Ìwé náà ń gbó o, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọdún rẹ̀ wà lójú ìwé àkọ́kọ́, bírò sì ń kọ sí etí rẹ̀. Nígbà tí Kelvin Kiptum fi wákàtí 2:00:35 sá máráthọ́ọ̀nù Chicago ní 2023, mo fa ìlà sí 2:01:09 Eliud Kipchoge tó yá jù lágbàáyé tẹ́lẹ̀, mo kọ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èyí ò ṣeé ṣe lórí áàpù.

Ní ti “àgbáyé” gan-an, ó ju ìdajì káàdì mi lọ tó jẹ́ baseball àti bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà. Nínú ìwé ni mo ti bá Abebe Bikila tó fi ẹsẹ̀ lásán gba máráthọ́ọ̀nù Rome ní 1960. Ibẹ̀ náà ni mo ti pàdé Don Bradman, agbá-kíríkẹ́ẹ̀tì ará Australia, ẹni tí àmì ayò mẹ́rin péré kù fún ní 1948 kí ìpíndọ́gba rẹ̀ nínú Test, ìyẹn kíríkẹ́ẹ̀tì ọlọ́jọ́ púpọ̀ láàárín orílẹ̀-èdè, tó wọ 100. Wọ́n lé e jáde láìgba ẹyọ kan, ó sì dúró sí 99.94. Mi ò wo kíríkẹ́ẹ̀tì rí, síbẹ̀ ó dùn mí bí ẹni pé mo wà níbẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé èèyàn pọ̀ lọ́dọ̀ yín, tí kò sí ẹ̀bùn, ẹ ra káàdì. Ẹni tí kì í fi fóònù sílẹ̀, kó gba áàpù. Ẹni tó fẹ́ mọ̀ ọ́n ní tòótọ́, ìwé tó ní àlàyé. Èyí tó wù kó jẹ́, kí ẹ tó sanwó, ẹ wá ìje 4x400 mítà àwọn ọkùnrin ní Sydney 2000 nínú rẹ̀. Tó bá ní Amẹ́ríkà ló gbà á, ó ti gbó. Tó bá ní Nàìjíríà, ó gbìyànjú. Tó bá sọ fún yín pé fàdákà ni Nàìjíríà gbé lọ sílé lọ́jọ́ náà, tí wọ́n sì sọ ọ́ di wúrà ní 2012, ẹ sanwó.