Àwo Orin 1950 sí 1954: Èwo Ni Kí Ẹ Rà?

Kí ẹ tó ná owó lórí àwo, ẹ kọ́kọ́ wo ẹ̀rọ tó wà nílé yín. Èmi ò wò ó. Mo ra àwo àpàlà kan lọ́wọ́ ìdílé kan nítòsí ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ níbí, mo sáré gbé e lé ẹ̀rọ tuntun tí ọmọ mi rà fún mi. Ṣíì-ṣíì bí ẹja tí wọ́n ń dín ni mo ń gbọ́ ṣáá, olórin wà lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó ń kọrin ní òdìkejì ọ̀sà. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ náà ló tín-ín-rín jù. Abẹ́rẹ́ tó bá àwo 78 mu máa ń nípọn tó ìlọ́po mẹ́ta ti àwo 33. Iye ìgbà tí àwo ń yí ní ìṣẹ́jú kan ni àwọn nọ́ńbà yìí.

Àwo 78 ni àwọn bàbá wa mọ̀. Ó ń yí nígbà 78 ní ìṣẹ́jú kan, ojú kan kì í sábà ju ìṣẹ́jú 3 lọ. Tó bá jẹ́ orin Yorùbá ìgbà yẹn lẹ fẹ́, òun ni kí ẹ wá: orí rẹ̀ ni jùjú Àyìndé Bákàrè àti àpàlà Haruna Ishola wà. Ẹ fara balẹ̀ bi ẹni tó bá ń ta ti Haruna. Haruna ṣe àwo fún Ọba Adébóyè, Orímolúsì Ìjẹ̀bú-Igbó, ní 1948, kò tà. Ìgbà tí ọba wàjà, tí Haruna tún un kọ ní 1955, ló wá gbayì. Méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ṣẹ́láàkì tí wọ́n fi ṣe àwo 78 ni àwọn kápẹ́ńtà ń fi sípíríìtì yọ́ láti fi kun àga. Ẹ má fi sípíríìtì tàbí ọtí nù ún láéláé, ojú rẹ̀ á yọ́. Tí ẹ bá fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ ti igi tín-ín-rín bọ ihò àárín rẹ̀ kí ẹ fi gbé e, kí ẹ wá fi èékánná kàn án létí. Èyí tó pé á dún gbangba bí abọ́ tánganran. Èyí tó ti sán, ohùn rẹ̀ á kú.

Ilé-iṣẹ́ àwo Columbia ló gbé àwo 33 jáde ní Amẹ́ríkà ní 1948, RCA Victor fi àwo 45 dá a lóhùn ní 1949, Decca sì gbé 33 dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1950. Àwo 33 ni mo fọwọ́ sí fún orin òyìnbó. “Unforgettable” Nat King Cole ti 1952 jẹ́ àwo ínǹṣì 10, orin 8 ló wà nínú rẹ̀. Ẹ̀dà ínǹṣì 12 tó tẹ̀ lé e ní ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má gbé àwo 33 lé giramafóònù àfọwọ́yí o! Abẹ́rẹ́ irin yẹn á họ ọ́ bàjẹ́.

Tí wọ́n bá ní “álíbọ́ọ̀mù” 78 làwọn ń tà, ìwé alápò bí ìwé fọ́tò ni, àwo bíi mẹ́ta sí mẹ́rin nínú. Ẹ kà á kí ẹ tó sanwó.

Mo ti ra abẹ́rẹ́ tó tọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fi sí i, mo gbọ́ ìlù àpàlà yẹn kedere, mo gbọ́ ibi tí olórin ti mí kó tó gbé e.