Pléètì kéékèèké mẹ́jọ tí mo rà lẹ́ni ọdún 55

Gbogbo wọn wọ inú àpò tí mo fi ń gbé bàtà mi. Pléètì irin mẹ́jọ ni, irú èyí tí a ń kì bọ orí ọ̀pá láti fi kún ìwúwo ohun tí a ń gbé: méjì jẹ́ 0.25 kílò, méjì jẹ́ 0.5, méjì jẹ́ 0.75, méjì tó kù sì jẹ́ kílò kan kan. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ lé òṣùwọ̀n, kílò márùn-ún péré ni. Láti ọdún 1987 ni mo ti ń gbé irin. Ẹni ọdún 23 ni mí nígbà náà, mo ti di ẹni ọdún 61 báyìí. Láàárín ọdún wọ̀nyí mo ti ra bẹ́líìtì awọ méjì, mo ti lo bàtà onígìgísẹ̀ líle mẹ́ta gbó, mo sì ti ra aṣọ ìdè ọrùn-ọwọ́ tí mi ò lè kà mọ́. Kò sí èyí tó ṣe mí lóore tó àwọn pléètì wọ̀nyí. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n, nítorí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ń ṣe irú wọn, ìrísí wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ohun tí ọdún mẹ́fà fi hàn mí nípa wọn ni mo fẹ́ sọ.

Ní ọ̀pọ̀ jíìmù, pléètì tó kéré jù lọ ni 1.25 kílò. Ẹyọ kan lọ́tùn-ún, ẹyọ kan lósì, ó di 2.5. Ẹni tó bá fẹ́ fi nǹkan kún irin rẹ̀, ohun tó dín sí 2.5 kò sí fún un. Ọkùnrin tó ń fa 160 kílò kúrò nílẹ̀ ní deadlift kò ní mọ 2.5 lára, kò tó ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó ń gbé. Ṣùgbọ́n press ni èmi fẹ́ràn jù, èyí tí èèyàn ń gbé láti èjìká títí ọwọ́ yóò fi nà tán lókè orí, láìfi orúnkún ti irin náà. Irin mi níbẹ̀ nígbà náà jẹ́ 35. 2.5 lórí 35 ju ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá sọ fún ọkùnrin tó ń gbé 160 yẹn pé 171 ni kó gbé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, bí kò bá sì lè gbé e, kó dúró síbi tó wà.

Èmi dúró síbi tí mo wà. Oṣù mẹ́rìnlá gbáko ni. Mo ní ìwé tí mo ti ń kọ iṣẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sí láti ìbẹ̀rẹ̀, bí mo bá sì ṣí ti ọdún yẹn, ojú ìwé kan kò yàtọ̀ sí òmíràn: 35, ìgbà márùn-ún léraléra, sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, ìyẹn ọ̀wọ́ mẹ́ta tí ìsinmi wà láàárín wọn. 35, ìgbà márùn-ún, sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta. Lẹ́yìn náà 37.5, ìgbà méjì, mo wá kọ "ó dúró níwájú orí" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Níwájú orí gan-an ló máa ń kú sí, níbi tí èjìká ti ń fa iṣẹ́ lé iṣan ẹ̀yìn apá lọ́wọ́. Nǹkan oṣù mi ti dáwọ́ dúró ní ọdún mẹ́ta ṣáájú, oorun mi kò já geere mọ́, àwọn tó sún mọ́ mi sì ń sọ pé ara ló ń sọ fún mi pé ó tó gẹ́ẹ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà wọ́n gbọ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ti 35 yẹn kò ni mí lára rárá. Agbára wà níbẹ̀, ọ̀nà tí yóò gbà jáde ni kò sí.

Mo gbìyànjú ẹ̀wọ̀n irin tí mo so mọ́ ìpẹ̀kun ọ̀pá méjèèjì, àmọ́ ó ń fì síwá-sẹ́yìn, ó sì ń fa ọ̀pá kúrò lójú ọ̀nà. Mo gbìyànjú wọ́ṣà ńláńlá tí àwọn mẹkáníìkì ń lò. Ìyẹn sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n orí ọ̀pá nípọn tó mílímítà 50, wọn ò wọ̀ ọ́, okùn ni mo fi ń so wọ́n.

Ó pẹ́ kí n tó ronú nípa ibi tí 2.5 yìí ti wá. Ọdún 1896 ni àwọn ọkùnrin kọ́kọ́ gbé irin ní Olympics. Ọdún 1987 tí èmi bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ fún àwọn obìnrin, ní Daytona Beach ní Amẹ́ríkà. Ó tún di ọdún 2000, ní Sydney, kí obìnrin tó gbé irin ní Olympics. Ní gbogbo àkókò yẹn, ara ọkùnrin ni wọ́n ń wò bí wọ́n bá fẹ́ rọ ọ̀pá tàbí pléètì. Ọ̀pá ọkùnrin jẹ́ kílò 20, níbi ìdìmú ó nípọn tó mílímítà 28. Ti obìnrin jẹ́ kílò 15 àti mílímítà 25. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi lo ti ọkùnrin nítorí òun nìkan ló wà, ọwọ́ mi kò sì lè yí i ká dáadáa. Nínú ìdíje pàápàá, 2.5 ni wọ́n fi ń gòkè títí di ọdún 2005 tí wọ́n sọ ọ́ di kílò kan. Àwọn akọni tó ń gbé ju 200 lọ ló nílò kílò kan kan yẹn o. Mo ka ìyẹn lálẹ́ ọjọ́ kan, ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò ṣú kí n tó ra pléètì mi.

Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 35.5. Mi ò mọ ìyàtọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́ rárá, ìdí tó fi ṣiṣẹ́ gan-an nìyẹn. Lọ́sẹ̀ kejì, 36. Lọ́sẹ̀ kẹta 36 kò pé ìgbà márùn-ún, mo tún un ṣe lọ́sẹ̀ kẹrin, ó pé. Báyìí la ṣe ń bọ̀, ìgbà mìíràn mo máa ń dúró sí ojú kan lọ́sẹ̀ méjì. Lọ́sẹ̀ kọkànlá, 37.5, ìgbà márùn-ún, sẹ́ẹ̀tì mẹ́ta. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo sunkún. Ẹ̀gbọ́n tó kọ́ mi ní irin, tó ti dolóògbé báyìí, máa ń sọ pé díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu wọn láti ọjọ́ àkọ́kọ́, àmọ́ irin tó wà níwájú wa nígbà náà kò jẹ́ kí díẹ̀ díẹ̀ náà kéré tó. Nígbà tí mo fi pé ọdún 58, mo ti gbé 41. 47.5 ló ga jù tí mo gbé rí láyé mi, ẹni ọdún 33 ni mí nígbà yẹn.

Wọ́n ní àléébù. Ọ̀dà wọn ń bó létí, ìyẹn kò dùn mí. Èyí tó dùn mí ni pé bébà ni wọ́n kọ ìwọ̀n sí, wọ́n wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin náà. Kò tó oṣù mẹ́rin tí òógùn àti ẹfun fi ṣí i kúrò, 0.5 àti 0.75 sì jọra púpọ̀ bí a ò bá gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi gbé 0.5 lápá kan àti 0.75 lápá kejì kí n tó fura. Mo ti fi ọ̀dà funfun kọ nọ́ńbà sí wọn fúnra mi. Ẹ̀yin tó bá fẹ́ rà, ẹ wá èyí tí wọ́n gbẹ́ nọ́ńbà sára irin rẹ̀. Mo tún rò pé 0.75 kò pọn dandan, nítorí 0.25 àti 0.5 ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ihò wọn kò bá dọ́m̀bẹ́ẹ̀lì mu, ìyẹn irin kúkúrú tí a ń fi ọwọ́ kan gbé. Fún squat, níbi tí èèyàn ti ń gbé ọ̀pá sí èjìká, tó ń lóṣòó, tó sì ń dìde, àti fún deadlift, mi ò lò wọ́n rí. Irin mi níbẹ̀ ju 90 lọ, 2.5 dára níbẹ̀. Kí ẹ sì fi ìdè tó mú dáadáa dè wọ́n, nítorí wọ́n fúyẹ́, díẹ̀ ló kù kí wọ́n yọ́ jáde bí ọ̀pá bá tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ohun kan wà tí ẹni tó ń tà á kò ní sọ fún yín. Kí ẹ tó ná owó yín lé e, ẹ wọn pléètì ńlá tí ẹ ń lò. Nínú jíìmù tí mo ń lọ, mo gbé gbogbo pléètì oníkílò mẹ́wàá lé òṣùwọ̀n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan jẹ́ 9.7, òmíràn jẹ́ 10.4. Ẹni tó bá mú èyí lónìí tó mú tọ̀hún lọ́la, irin rẹ̀ ti fi 0.7 yàtọ̀ láìmọ̀, kí ni pléètì 0.25 fẹ́ ṣe sí ìyẹn? Pléètì ìdíje kì í rí bẹ́ẹ̀, wọ́n kì í jẹ́ kó yàtọ̀ ju gíráàmù díẹ̀ lọ, àmọ́ èyí tí wọ́n kàn rọ lásán máa ń yàtọ̀ gan-an. Mo yan méjì tó bára mu, mo fi ọ̀dà sàmì sí wọn, àwọn nìkan ni mo ń lò fún press. Òṣùwọ̀n ilé ìdáná ni mo fi wọn àwọn kéékèèké: 0.25 kan jẹ́ gíráàmù 250 géérégé, èkejì 243. Mo fara mọ́ ọn.

Ibi tí mo ti wá mọ iyì wọn jù ni ìgbà tí mo ń sọ̀kalẹ̀. Lẹ́ni ọdún 59, àìsàn dá mi dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, èjìká òsì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí nígbà tí mo padà. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ogójì ọdún ó lé díẹ̀, irú nǹkan báyìí ṣẹlẹ̀, mo bọ́ 2.5 kúrò, mo tún bọ́ 2.5, inú bí mi, mo sọ ọ̀pá sílẹ̀, mi ò ṣe press fún ọdún kan. Lọ́tẹ̀ yìí mo sọ̀kalẹ̀ ní 0.5, 0.5, mo ń tẹ́tí sí èjìká náà. Ní 37 ó ṣì ń sọ̀rọ̀. Ní 36.5 ó dákẹ́. Mo dúró síbẹ̀ fún oṣù méjì, mi ò pàdánù ju ohun tó yẹ kí n pàdánù lọ. Ní ọjọ́ orí mi, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà. Àwọn olùwádìí kan ní Ọsirélíà kó obìnrin 101 tí nǹkan oṣù wọn ti dáwọ́ dúró, tí eegun wọn sì ti ń fúyẹ́. Wọ́n ní kí apá kan máa gbé irin wúwo lójú olùkọ́, deadlift, squat àti press, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ, ààbọ̀ wákàtí péré nígbà kọ̀ọ̀kan. Èsì rẹ̀ jáde ní 2018: eegun ẹ̀yìn wọn nísàlẹ̀ le sí i, ti àwọn tó ń ṣe eré ìdárayá fẹ́ẹ́rẹ́ nílé sì dín kù. Nítorí náà mi ò fẹ́ tún fi press sílẹ̀ fún ọdún kan mọ́ láé.

Ní bíi oṣù márùn-ún sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan tí kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ wá bá mi nídìí irin. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Mọ́mì. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ń fi àwọn kékeré yìí ṣe?" Mo béèrè iye tó ń gbé. 20 ni, ó ti tó oṣù mẹ́ta tí kò kúrò lójú kan. 2.5 lórí 20 jẹ́ ìdá méjìlá àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn burú ju tèmi lọ. Mo kó 0.25 méjèèjì lé e lọ́wọ́, mo ní kó máa lò wọ́n títí irin rẹ̀ yóò fi tún gbéra. Ó ti ń gbé 23 báyìí. Kò tíì dá wọn padà, mi ò sì bi í. Mo ti ra méjì mìíràn lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí tí wọ́n gbẹ́ nọ́ńbà sí lára. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo fi wọ́n gbé 39.5.